Òórùn Ọ̀rinrin Nínú AC Ọkọ̀: Omi Ni Kí Ẹ Lé, Ẹ Má Ra Gáàsì

Ní ojú ìwé ìṣòwò wa ti ọ̀tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a fẹ́ sọ. Ní ìlú Calgary yìí, ọkọ̀ kì í ṣe ohun afẹ́ fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Òun ni a fi ń gbé ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, òun ni a fi ń lọ síbi iṣẹ́ alẹ́, òun sì ni àwọn kan nínú wa fi ń ṣe takisí tàbí Uber láti bọ́ ìdílé wọn. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a mọ ohun tí a ó ṣe nígbà tí a bá tan AC, tí òórùn kan sì tú jáde bí aṣọ tútù tí a ká sínú àpótí fún ọjọ́ mẹ́ta.

Òórùn yìí máa ń mú kí èèyàn ná owó tí kò yẹ kó ná. Ẹlòmíràn á ra lọ́fínńdà ọkọ̀ mẹ́rin, á so gbogbo wọn mọ́ dígí. Ẹlòmíràn á lọ bá mẹkáníìkì, á ní kí wọ́n bá òun fi gáàsì sí AC, nítorí pé ohun tí a máa ń ṣe nílé nìyẹn bí AC bá ti ń ṣe ségesège. Ẹ jẹ́ kí a tètè sọ ọ́: gáàsì kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú òórùn ọ̀rinrin. Bí AC yín bá ń tutù dáadáa tí ó sì ń rùn, gáàsì wà níbẹ̀. Omi tí kò rí àyè gbẹ ló ń dà yín láàmú. Àwọn àgbà sì ti sọ pé a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

NÍBO NI ÒÓRÙN NÁÀ TI Ń WÁ?

Lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀, irin kan wà tí ó ní àlàfo wẹ́wẹ́ bíi ti rédíétọ̀. Àwọn mẹkáníìkì ń pè é ní evaporator. Bí a bá tan AC, irin yìí á tutù gan-an. Fáànù á fẹ́ afẹ́fẹ́ gba àárín rẹ̀ kọjá, afẹ́fẹ́ náà á sì tutù kí ó tó kàn wá lára. Ẹ wá rántí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ìgò mínírà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú jáde látinú fíríìjì: omi á bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀ sí i lára. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni omi inú afẹ́fẹ́ ṣe ń sẹ̀ sára evaporator. Omi náà á ro sínú àwo kan nísàlẹ̀, á sì gba ọ̀pá rọ́bà kékeré kan jáde sábẹ́ ọkọ̀. Omi tí ẹ máa ń rí tí ó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ nígbà ooru nìyẹn. Kò burú rárá. Àmì pé ọ̀nà omi kò dí ni.

Ìgbà tí a bá pa ọkọ̀ ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀. Evaporator ṣì kún fún omi, inú òkùnkùn ló wà, atẹ́gùn kò sì dé ibẹ̀ mọ́. Eruku, lẹ́búlẹ́bú òdòdó àti ewé tó ti rà sì ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Irú nǹkan tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu yóò rí ilé gbé níbẹ̀, òun àti àwọn kòkòrò àìfojúrí. Àwọn wọ̀nyí ló ń tú òórùn jáde. Ìdí nìyí tí òórùn náà fi máa ń le jù ní ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ tí a bá tan AC, tí ó sì máa ń dín kù bí ìrìn bá ti ń lọ.

Ní ọdún 1939 tí ilé-iṣẹ́ Packard ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ta ọkọ̀ tó ní AC, inú bùùtù lẹ́yìn ni wọ́n gbé e sí. Lónìí, ìsàlẹ̀ dáṣíbọ́ọ̀dù ni evaporator wà, níbi tí ọwọ́ kò ti lè dé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kí a tó lè yọ ọ́, a ní láti tú dáṣíbọ́ọ̀dù palẹ̀, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wákàtí sì ni. Nítorí náà, ẹni tó bá tètè mójú tó ọ̀rọ̀ yìí ní kékeré ti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìnáwó ńlá.

CALGARY GBẸ, KÍ LÓ DÉ TÍ AC FI Ń RÙN?

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bi wá pé, "Ìlú tí ètè wa ń là, tí awọ ara wa ń funfun, níbo ni ọ̀rinrin ti wá?" Ìbéèrè tó dára ni. Òótọ́ ni pé afẹ́fẹ́ ibí gbẹ ju ti Èkó lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí a ṣe ń wakọ̀ lọ sí àárín ìgboro.

Nígbà ooru, ẹni tó ń bọ̀ láti ìhà àríwá ìlà-oòrùn á gba Deerfoot Trail, á yà sí Memorial Drive, AC á máa fẹ́ títí tí yóò fi wọ inú parkade abẹ́ ilé. Ibẹ̀ ni yóò ti pa ọkọ̀ lójijì, tí yóò ti gbogbo gíláàsì pa, tí yóò sì gba ojú ọ̀nà òkè +15 lọ sí ọ́fíìsì. Fún wákàtí mẹ́jọ, evaporator tútù wà nínú òkùnkùn, láìsí atẹ́gùn, láìsí oòrùn. Bí ó ṣe rí nìyẹn lójoojúmọ́. Oṣù kẹfà sì ni òjò máa ń rọ̀ jù ní Calgary, ìgbà náà gan-an ni a sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í tan AC.

Nígbà òtútù, bàtà wa ló ń gbé omi wọlé. Yìnyín tí a tẹ̀ wọ inú ọkọ̀ á yọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Bí atẹ́gùn Chinook bá fẹ́, tí ojú ọjọ́ sì móoru lójijì, gbogbo ilẹ̀ á di ẹrọ̀fọ̀, a ó sì tún gbé ìyẹn náà wọlé. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Nínú ọkọ̀, ilẹ̀ tútù yẹn gan-an ni a kò fẹ́. Bí a bá tún wá tẹ bọ́tìnnì tó ń yí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ po, kí ọkọ̀ lè tètè móoru, omi inú kápẹ́ẹ̀tì àti ti èémí wa kò ní rí ọ̀nà jáde. Ẹ ó rí i tí gíláàsì á máa ṣú láti inú.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí a bá tan ohun tó ń nu gíláàsì iwájú, AC náà ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ láti fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́, àfi bí òtútù ìta bá ti pọ̀ jù. Nítorí náà evaporator lè tutù fún omi nígbà tí ẹ rò pé híítà nìkan ni ẹ tàn.

Àwọn igi etí odò Bow náà ní ìpín tiwọn. Lẹ́yìn ìgbà òtútù, igi cottonwood máa ń tú òwú funfun sáfẹ́fẹ́, bí òwú àràbà ṣe máa ń fò kiri nílé. Òwú yìí àti ewé gbígbẹ máa ń kó sí ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú, níbi tí ọkọ̀ ti ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Èéfín iná igbó tún wà, irú èyí tó bo Calgary ní oṣù kẹjọ ọdún 2018 àti ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Fílítà ọkọ̀ ló ń gba gbogbo rẹ̀ sára.

Ṣùgbọ́n ìròyìn ayọ̀ wà nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń là wá létè yìí ni oògùn tó dára jù, ọ̀fẹ́ sì ni. Ní Èkó, bí ẹ bá fẹ́ afẹ́fẹ́ ìta sínú ọkọ̀, omi ni ẹ tún ń fà wọlé. Níbí, lọ́pọ̀ ọjọ́, afẹ́fẹ́ ìta á gbẹ evaporator yín láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, bí ẹ bá ṣáà gbà á láyè.

OHUN TÍ Ẹ LÈ ṢE FÚNRA YÍN

1. Ẹ pa AC kí ẹ tó dé. Bí ó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹ ó dé ibi tí ẹ ń lọ, ẹ pa AC, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí fáànù máa fẹ́ gan-an, kí ó sì máa fa afẹ́fẹ́ ìta. Ẹni tó bá gba Memorial Drive lè ṣe é gẹ́rẹ́ tó bá kúrò lórí Deerfoot. Ẹni tó bá gba Macleod Trail láti gúúsù lè ṣe é kí ó tó dé Stampede Park. Títí ẹ ó fi wọ parkade, evaporator á ti gbẹ. Ẹ sọ ọ́ di àṣà. Àwọn ọkọ̀ tuntun kan wà tí fáànù wọn máa ń tan ara rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti pa ọkọ̀, láti ṣe iṣẹ́ yìí kan náà. Bí ẹ bá gbọ́ ìró fáànù nínú ọkọ̀ tí ẹ ti tì, kì í ṣe iwin.

2. Ẹ pààrọ̀ fílítà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ̀yìn àpótí kékeré tí a ń kó ìwé ọkọ̀ sí ló wà. Ẹ wo ìwé tí wọ́n fún yín pẹ̀lú ọkọ̀, yóò fi ibẹ̀ hàn yín. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kò gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a kì í sì í sábà nílò irinṣẹ́ kankan. Ẹ wo ọfà tó wà lára fílítà kí ẹ má baà fi í sí òdìkejì. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún dára, pàápàá lẹ́yìn èéfín iná igbó. Ọ̀pọ̀ fílítà ọkọ̀ lásán kò ju 20 sí 40 dọ́là lọ, bí ẹ bá rà á fúnra yín.

3. Ẹ ko ewé àti òwú kúrò ní ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ọwọ́ kó gbogbo ìdọ̀tí ibẹ̀ dànù.

4. Ẹ yẹ ọ̀nà omi wò. Lọ́jọ́ tí ooru mú, ẹ tan AC fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ìta gbangba, kí ẹ sì wo abẹ́ ọkọ̀. Bí ojú ọjọ́ bá ní ọ̀rinrin tí omi kò sì kán rárá, tí kápẹ́ẹ̀tì iwájú lọ́wọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹni tó jókòó ti awakọ̀ sì tutù, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pá náà ti dí. Ẹ má fi èyí falẹ̀, nítorí wáyà ọkọ̀ máa ń gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kọjá, omi sì lè bà á jẹ́.

5. Ẹ gbẹ kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ lo rọ́bà ìtẹ́lẹ̀ tó ní etí gíga nígbà òtútù, kí ẹ sì máa da omi inú rẹ̀ nù. Ẹ gbọn yìnyín kúrò lára bàtà kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ wọlé. Bí kápẹ́ẹ̀tì bá ti rin gbingbin, ẹ gbé etí rẹ̀ sókè kí afẹ́fẹ́ dé abẹ́ rẹ̀, nítorí tìmùtìmù tó wà lábẹ́ ló ń mu omi jù.

6. Bí òórùn bá ṣì kù, ẹ ra oògùn fóòmù tí wọ́n ṣe fún fífọ evaporator. Ẹ tẹ̀lé ohun tí wọ́n kọ sára agolo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, pẹ̀lú ilẹ̀kùn ọkọ̀ ní ṣíṣí, kí ẹ sì fi fílítà tuntun sí i lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe tán. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé tàbí ẹni tó ní ikọ́ fée wà nítòsí títí afẹ́fẹ́ yóò fi mọ́.

OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ Ẹ ṢE

Ẹ má da bíléèṣì sínú ihò afẹ́fẹ́. Ó ń jẹ irin evaporator, òórùn rẹ̀ sì lè pa ọ̀nà ọ̀fun lára. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé lọ́fínńdà nìkan. Òórùn méjì ni yóò wà nínú ọkọ̀, ọ̀kan kò ní lé èkejì. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má tan ọkọ̀ sílẹ̀ nínú gáréèjì ilé tàbí nínú parkade nítorí pé ẹ fẹ́ gbẹ AC. Èéfín ọkọ̀ ní carbon monoxide nínú. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa èèyàn.

KÌ Í ṢE GBOGBO ÒÓRÙN NI TI Ọ̀RINRIN

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ òórùn náà dáadáa. Bí ó bá dùn bí omi ṣúgà, tí gíláàsì iwájú sì ń ní nǹkan bí òróró lára láti inú, ó ṣeé ṣe kí omi rédíétọ̀ máa jò nínú híítà. Májèlé ni omi yìí sábà máa ń jẹ́, ẹ gbé ọkọ̀ lọ kíákíá. Bí ó bá ń rùn bí epo tàbí bí èéfín sàlẹ́ńsà, ẹ ṣí gíláàsì, ẹ dúró, kí ẹ sì pe mẹkáníìkì lọ́jọ́ náà.

Bí ó bá sì ń rùn bí ìtọ̀ eku, ẹ ṣọ́ra. Eku máa ń wá ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà òtútù, orí fílítà ọkọ̀ sì wù wọ́n púpọ̀. Eku igbó kan tí wọ́n ń pè ní deer mouse lè ní kòkòrò àrùn hantavirus, àrùn yìí sì ti mú èèyàn ní Alberta rí. Ẹ má gbá ìgbẹ́ eku ní gbígbẹ, ẹ má sì fi ẹ̀rọ tó ń fa eruku fà á. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi omi oògùn apakòkòrò rin ín dáadáa, kí ẹ tó fi bébà nù ún.

BÍ Ẹ BÁ LỌ SỌ́DỌ̀ MẸKÁNÍÌKÌ

Ẹ má sọ pé, "Ẹ bá mi fi gáàsì sí i." Bí ẹ bá béèrè gáàsì, gáàsì ni wọn yóò tà fún yín, èyí tí wọ́n sì ń lò nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun, R-1234yf, wọ́n ju R-134a ti àtijọ́ lọ púpọ̀. Ẹ sọ pé, "AC mi ń tutù, ṣùgbọ́n ó ń rùn. Ẹ bá mi wo fílítà, ọ̀pá omi àti evaporator." Ẹ jẹ́ kí wọ́n ti orí èyí tí owó rẹ̀ kéré bẹ̀rẹ̀. Yíyọ evaporator ni kó gbẹ̀yìn.

Ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín pẹ̀lú. Ní Alberta, ilé-iṣẹ́ tó ń tún ọkọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ AMVIC, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó òwò ọkọ̀ ní agbègbè yìí. Ẹ gba ìwé tí a kọ iye owó sí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fún yín, wọn kò gbọdọ̀ gbà ju iye náà lọ pẹ̀lú ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, èlé náà kò sì gbọdọ̀ kọjá 100 dọ́là, àfi tí ẹ bá fọwọ́ sí i. Wọn kò sì gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ tí ẹ kò fọwọ́ sí. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe àti ẹ̀yà ọkọ̀ tí wọ́n fi sí i ní ìdánilójú ó kéré tán fún 90 ọjọ́ tàbí 5,000 kìlómítà, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé. Ẹ tọ́jú rìsíìtì yín. Ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ lè kọ ẹ̀sùn sí AMVIC.

FÚN ẸNI TÓ Ń RA ỌKỌ̀ ÀTI ẸNI TÓ Ń FI ỌKỌ̀ ṢIṢẸ́

Igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí ẹ tó ra ọkọ̀ àlòkù, ẹ wọ inú rẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ tan AC láì tíì rìn. Ẹ gbọ́ òórùn ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́. Ẹ fi ọwọ́ tẹ kápẹ́ẹ̀tì níwájú àti lẹ́yìn, ẹ sì wo ibi tí táyà àfikún wà. Bí lọ́fínńdà bá pọ̀ jù nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń tà, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń fi í bò. Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, odò Bow àti odò Elbow kún bo àárín ìgboro Calgary, omi sì wọ àwọn parkade abẹ́ ilé. Ọkọ̀ tí omi bá ti bò rí, òórùn rẹ̀ kò mọ sí AC nìkan, wáyà rẹ̀ á máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ gba ìwé ìtàn ọkọ̀ láti ọ̀dọ̀ Carfax Canada, kí ẹ sì jẹ́ kí mẹkáníìkì tiyín wò ó kí ẹ tó sanwó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé èrò, ìmú èrò ni ọjà yín. Èrò tó wọlé níwájú ilé ìtura ní Stephen Avenue kò ní sọ fún yín pé ọkọ̀ ń rùn. Ìràwọ̀ ni yóò dín kù lórí fóònù yín. Fílítà tuntun àti ìṣẹ́jú márùn-ún fáànù kò tó owó ìrìn kan sí pápákọ̀ òfuurufú. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tó ní ikọ́ fée, ti yín tún ṣe pàtàkì jù, nítorí ohun tó ń hù nínú evaporator lè mú kí ikọ́ náà gbéra.

Ní kúkúrú: ẹ pa AC kí ẹ tó dé, ẹ jẹ́ kí fáànù fẹ́, ẹ pààrọ̀ fílítà lọ́dọọdún, kí ẹ sì gbẹ kápẹ́ẹ̀tì. Bí omi bá ti lọ, òórùn á bá a lọ. Ẹ gé ojú ìwé yìí, ẹ fi í sínú ọkọ̀, kí ẹ sì ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ wa tó ń wakọ̀ báyìí. Kí Olódùmarè máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ gbogbo wa. Ó di ọ̀tẹ̀ tó ń bọ̀.